Ọmọ Tí Ọmọdé Bí: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ní Ìsọlọ̀

Ọmọbìnrin kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa níbí, lẹ́yìn Àgọ́ Palace, ń múra àtiwọ yunifásítì. Ó wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni yín tẹ́lẹ̀. Ṣé iṣẹ́ yẹn dáa?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo ọ̀nà iṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Káyọ̀dé. Ọmọ Èkìtì ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ti wọ̀ mí lójú láti kékeré. Mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ́ ti agbẹ̀bí lé e, ìjọba gbà mí, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Ìsọlọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìntì. Ti owó oṣù, kò febi pa mí, kò sì sọ mí di ọlọ́rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Mátírọ́ọ̀nù. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Obìnrin Oǹdó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, síbẹ̀ bí a bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní kọ́ridọ̀, kálukú á ti máa wo èékánná ara rẹ̀. Láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ọmọ kankan, yóò di ọwọ́ wa mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ rẹ bá tutù, yóò ní, "Lọ fọwọ́ rawọ́ títí yóò fi gbóná. Ibi tó móoru ni ọmọ ti ń bọ̀, kò gbọdọ̀ pàdé òtútù lọ́wọ́ ẹ." Mo ti dúró lẹ́yìn ilé ìwòsàn nínú ọyẹ́ rí, tí mò ń fọwọ́ rawọ́ bí ẹni tó ń fọṣọ, tí omi ń yọ lójú mi.

Kò jẹ́ kí á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n láìkọ́kọ́ sọ ohun tí ọwọ́ wa rò. "Gbé e. Kí ni ọwọ́ ẹ wí?" Bí mo bá ní kílò mẹ́ta, tí ìwọ̀n sì ní méjì àbọ̀, kò ní bú mi. Yóò kàn wò mí. Ojú yẹn wúwo ju ìbáwí lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi gbọ́n. Mo lè gbé ọmọ jòjòló láti orí ibùsùn ìyá rẹ̀ kí n sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà, kí a tó wọn ohunkóhun.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Má sọ fún aláboyún kankan pé kó máa jẹ ẹyin. Lọ wo ìkòkò rẹ̀ ná." Kì í ṣe àwàdà. Ó máa ń rán wa lọ sílé àwọn obìnrin náà, ní Òkè-Àfà, ní ẹ̀yìn Òṣòdì, nínú àwọn ilé onírúúmù tí ènìyàn pọ̀ sí bí ẹ̀wà nínú àdó. A ó jókòó sí ìdí sítóòfù, a ó fi ohun tí a bá bá nílé se oúnjẹ tí à ń pè ní oúnjẹ aṣaralóore. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀wà, edé lílọ̀, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ lè ṣe iṣẹ́ tí ẹran kò ráyè ṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká gún iyán nínú odó, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mátírọ́ọ̀nù ní àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ odó tó wà nílẹ̀.

Àwọn tó ń dùn ún jù ni àwọn ọmọdébìnrin tó lóyún. Ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú yẹ̀rì yunifọ́ọ̀mù nídìí. Akẹgbẹ́ mi kan pòṣé, ó ní, "Ìwọ! Ṣé ìwọ náà ti tó ẹni tó ń lóyún?" Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn yíjú padà sí ọ̀nà àbájáde. Mátírọ́ọ̀nù jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ dúró, ó sì bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì kúrò lórí akẹgbẹ́ mi. Ó ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn aláboyún títí a ó fi tú ká lọ́jọ́ náà. "Kí ìwọ náà mọ bí ibẹ̀ ṣe rí," ló wí. Nígbà tó yá ó pe gbogbo wa, ó ní, "Ẹni tí ẹ bá lé lónìí, ẹ̀ẹ́ tún rí i. Ojú ìrọbí lẹ máa ti rí i, nígbà tí ẹ̀pa ò ní bóró mọ́."

Kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù fún wọn tó bẹ́ẹ̀? Ara ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Egungun rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, ọmọ inú rẹ̀ náà tún na ọwọ́ sí abọ́ kan náà. Bí oúnjẹ kò bá tó, àwọn méjèèjì ni kò ní yó. Ẹ wá fi ìtìjú kún un. Òmíràn ń fi ọ̀já di ikùn mọ́ abẹ́ aṣọ, òmíràn ń febi pa ara rẹ̀ kí ikùn má bàa yọ. Kí wọ́n tó mú un wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀, oyún ti wọ oṣù keje. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ti rí oyún náà, wọ́n á sì fi oúnjẹ jẹ ọmọ níyà: ẹni tó dójú ti ilé, omi ọbẹ̀ ló kàn án. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bímọ kékeré o. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bí ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó bí ọmọ tí a rọra ń fi aṣọ ìnura gbé, wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ mi ju ohun tí ó yẹ lọ.

Èyí ló mú mi dé orí Bọ́sẹ̀ àti Sìdí.

Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, Mátírọ́ọ̀nù sì ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bọ́sẹ̀. Ará Ìṣẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Àjàó Estate. Òkè-Àfà ni wọ́n ń gbé. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, ìyá rẹ̀ ló ń dáhùn. Ẹni tó fún un lóyún ti kó kúrò ládùúgbò. Sìdí ní tirẹ̀ fi ọdún kan jù ú lọ, ọmọ Ìwó, ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó tilẹ̀ ń bá ọmọ inú rẹ̀ jà pé, "Ìwọ, má gbá mi nípàá, mo ṣì ń jẹun." Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì bí. Ọmọbìnrin ni Bọ́sẹ̀ bí, kò tó kílò méjì. Ọkùnrin ni Sìdí bí, ó tún kéré sí tirẹ̀, oṣù rẹ̀ kò sì pé.

A ní àpótí oníná kan tí ń mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru. Méjèèjì wà nínú rẹ̀ nígbà tí òjò ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Láti ìdájí ló ti ń rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, omi kánáàlì ti kún, ó ń padà gba inú gọ́tà wọlé. A kọ́kọ́ rò pé a ó fi mọ́ọ̀pù gbá a jáde. Kí á tó mọ̀, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn sìlípáàsì ń léfòó ní kọ́ridọ̀ bí ẹja. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí à bá tàn ti wà nínú omi. Mo fi ọwọ́ kan àpótí oníná yẹn, mo rí i pé ó ti ń tutù. Mo sáré pe Mátírọ́ọ̀nù.

"Ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ńkọ́?" ó bi awakọ̀ wa.

"Mà, ọ̀nà ti di odò. Kò sí mọ́tò tó máa kọjá níbí."

Kò tún sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn mọ́. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó bá omi wọ wọ́ọ̀dù, ó ní kí Bọ́sẹ̀ àti Sìdí gun orí tábìlì. "Ẹ tú bùláòsì yín." Bọ́sẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Mi ò bi ìyá ẹ. Ìwọ ni ìyá. Tú u." Ó gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìhòòhò, ó tẹ́ ẹ sí àárín ọmú ìyá rẹ̀, àyà sí àyà, ó fi gèlè ìyá Bọ́sẹ̀ di ọ̀kan mọ́ra, ó fi ìborùn Sìdí di èkejì, ó sì dé fìlà sí wọn lórí. Gbogbo ìgbà yẹn, omi ń lọ ní orúnkún wa. Nínú ìwé ni mo ti mọ ọ̀nà yìí. N kò tíì rí i kí ó jẹ́ òun nìkan ló kù.

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Lórí tábìlì yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn Bọ́sẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹ orí wo inú gèlè, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ń mí. Mò ń gbọ́ ọ lára mi."

Omi fà. Àmọ́ ọmọ Sìdí kò là á já. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó tó èémí ayé, àpótí ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́. Oòrùn ọjọ́ kejì ti yọ dáadáa nígbà tó dákẹ́ láyà ìyá rẹ̀. A gbà á, a wẹ̀ ẹ́, a gbé e fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àṣà wa pé, "Sìdí, pẹ̀lẹ́ o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ fi aṣọ bo orí.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ Bọ́sẹ̀ ń sunkún, bí ológbò kékeré. Omi ọmú Bọ́sẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ara ọmọdé, ìbẹ̀rù, ebi ọjọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ ló parapọ̀. Mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń fi aṣọ gbígbóná lé e, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì ló ń jáde. Sìdí ń wò wá láti orí ibùsùn tirẹ̀. Lójijì ó sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní omi ló dànù." Ó fọwọ́ kan iwájú aṣọ rẹ̀. Ó ti rin gbingbin fún omi ọmú. "Omi ò tíì dànù, mà. Òun ló ń dànù báyìí. Ẹ gbé ọmọ yẹn fún mi."

Mo wo Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù wo Bọ́sẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ni ara rẹ̀ kò gbà á. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ wàhálà." Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ Sìdí yẹ̀ wò kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wá bi Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ pé, "Kí lo wí?"

Bọ́sẹ̀ kò wo ìyá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú gèlè, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó nà án sí Sìdí.

Ọmọ yẹn kò lágbára tó láti fa ọmú dáadáa, nítorí náà Sìdí ń fún un sínú kọ́ọ̀bù kékeré, à ń rọra kán an sí i lẹ́nu. Ó ń sunkún bó ṣe ń fún un. Kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọmú Bọ́sẹ̀ fi sọ̀, wọ́n sì jọ ń fún ọmọ náà lọ́mú papọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Ìbùkún ni wọ́n sọ ọmọ náà. Sìdí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́: ẹ má rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá jáde ní ilé ìwòsàn láàyè ni iṣẹ́ parí. Ìbùkún ń sanra, inú mi ń dùn. Nígbà tó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́fà, n kò rí wọn mọ́. Mo lọ sí Òkè-Àfà. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni mo bá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.

"Mo ti gbé e lọ fún ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn," ló wí. "Bọ́sẹ̀ ti padà sílé ẹ̀kọ́."

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ yẹn ṣì kéré. Ọmú ìyá rẹ̀—"

"Nọ́ọ̀sì." Kò pariwo. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. "Ẹ̀yin ni ẹ máa wọn ọmọ. Èmi ni màá tọ́ ọ. Tí n bá jókòó tì í, mo pàdánù iṣẹ́. Tí Bọ́sẹ̀ bá jókòó tì í, ó di èmi. Èwo ni kí n mú?"

Mo bá a gbé bàtà náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Títí di òní, n kò rò pé èsì kan wà tó rọrùn. Ìyá tó ń tiraka ni, kì í ṣe ìkà.

Sìdí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó ti gba òmìnira iṣẹ́ irun, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù onípákó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tó bá rí Bọ́sẹ̀ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ìbéèrè kan náà ni: "Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?" Bọ́sẹ̀ á ní wọ́n ní ara rẹ̀ le. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ sí ọdún méjì, Sìdí wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ní, "Mà, àwọn tó bá ti ní ara rẹ̀ le, ẹ béèrè bó ṣe ga tó, wọ́n ò ní lè sọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Ọjọ́ Sátidé kan, èmi, òun àti Bọ́sẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn.

Ìyá àgbà náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ kan jókòó, mo sì rò pé ọmọ ọdún kan ni, ọmọ aládùúgbò kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, kò dà bí ẹni tí ebi ń pa. Ó gbójú sókè, ó sì là á gaara pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta ni ẹ̀ ń wá?"

Mo tún un wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jáde láti inú ara ọmọ ọdún kan.

Bọ́sẹ̀ jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀. Sìdí ló tọ ọmọ náà lọ. "Ìwọ là ń wá, Ìbùkún."

Ìyá àgbà nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ ló ń fún un láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, àmàlà díẹ̀ pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lálẹ́. Ó gbà pé ẹran máa ń kọ́ ọmọdé ní olè, pé ẹyin náà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Ọmọ ń yó lójoojúmọ́, kò sì ń ga, nítorí ẹ̀kọ ń kún inú, kì í kọ́ egungun. Mo jókòó tì í nídìí ààrò bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe kọ́ mi. A gún edé pọ̀ mọ́ ẹ̀pà sínú ẹ̀kọ, a se ẹ̀wà rírọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyí? Ó dùn." Nígbà tí mo bá a sọ ọ́ pé a fẹ́ mú ọmọ lọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jiyàn. Ó di aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó ní, "Ẹ má sọ fún un lọ́jọ́ iwájú pé mo febi pa á."

Bọ́sẹ̀ ní, "A ò ní sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ dá ẹ̀mí ẹ̀ sí." Òótọ́ sì ni.

Ní Òkè-Àfà, ogun kejì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ nígbà tí Bọ́sẹ̀ bá wà nílé ẹ̀kọ́? Sìdí dáhùn kí n tó la ẹnu. "Ó máa wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣebí orí ni mò ń dì, kì í ṣe ojú." Bẹ́ẹ̀ ni Ìbùkún ṣe dàgbà sí ìdí àga àwọn oníbàárà irun, tó ń bá wọn jà, tó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin sísè lọ́wọ́ Sìdí, tí ìyá rẹ̀ ń wá gbé e lẹ́yìn iléèwé. Bọ́sẹ̀ parí girama. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ń ra ẹyin náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èmi mọ̀.

Irinṣẹ́ wa ti yí padà nígbà yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwo onígi la fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú oyún, o ní láti tẹ etí rẹ mọ́ ikùn ìyá, kí o sì pa èémí mọ́ra. Ìwọ̀n wa, orí òpó la ń so ó kọ́, a ó fi ọmọ sínú ṣòkòtò aláṣọ kan, yóò máa fì dirodiro bí ẹran tí alápatà gbé kọ́, gbogbo wọ́ọ̀dù á kún fún igbe. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń pariwo ọkàn ọmọ jáde dé, tí ìyá náà lè gbọ́ ọ. Mo ti rí ọmọdébìnrin tó kórìíra oyún rẹ̀ títí ó fi gbọ́ ìró yẹn. Ìwọ̀n tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ dé. Tẹ́ẹ̀pù tí a fi ń wọn apá ọmọ dé, aláwọ̀ mẹ́ta, tó bá dé orí pupa, ebi ti ń bá ọmọ náà jà, kí o gbéra. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pákó tí a fi ń wọn gígùn ọmọ, nítorí ìwọ̀n wíwúwo nìkan lè tan ènìyàn jẹ. Ìbùkún wúwo díẹ̀. Pákó yẹn ló fi hàn wá ibi tí ó ti rẹ̀yìn. Mátírọ́ọ̀nù, nígbà tó wá kí wa lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì rẹ̀, yí tẹ́ẹ̀pù náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ó dáa. Ọwọ́ yín ṣì ń gbóná ṣá?" A na ọwọ́ sí i. Àgbàlagbà ni gbogbo wa, a sì na ọwọ́ sí i.

Ṣé Ìbùkún ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Rárá. N kò ní purọ́ fún yín. Ó dàgbà sí i, ó ń sáré, orí rẹ̀ pé nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n iwájú ìlà ni wọ́n ń tò ó sí láàárọ̀. Gíga tí ọmọ bá pàdánù láti inú oyún títí dé ọdún méjì, ènìyàn lè rí díẹ̀ gbà padà nínú rẹ̀. Kì í padà tán. Bọ́sẹ̀ bi mí léèkan bóyá ẹ̀bi òun ni. Mo ní, "Ọmọ ni ọ́ nígbà náà, ìwọ náà ń dàgbà. Ẹni méjì ni ebi pa." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Kò sẹ́ni tó kà mí mọ́ ọn rí."

Ọmọbìnrin iwájú ilé wa tún bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà fún mi. Ẹ̀yìn ríro ló fún mi, nítorí ìtẹ̀ba. Ó fún mi ní orúkọ tí wọ́n ń ké pè mí lójú títì láti Ìsọlọ̀ títí dé Èjìgbò, tí n kì í sì rántí ẹni tó ń pè. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún Kérésìmesì lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ó máa rí òpin rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ wá òmíràn. Iṣẹ́ yìí, ẹ ó gbìn, ẹlòmíràn ni yóò rí i bó ṣe hù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn dúró wò ó.

Wọ́n jẹ́ kí èmi dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, Sìdí tó ti lọ́kọ, tó ti ń lọ sí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wá bímọ lọ́dọ̀ wa. Ó ti ń wá gba oògùn láti oṣù kẹta, ó ń jẹun fún ẹni méjì, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ títí dé orí ibùsùn ìrọbí. Ọkùnrin ló bí. Mo gbé e, ọwọ́ mi ní kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n kò jà mí níyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bọ́sẹ̀ mú Ìbùkún wá kí wọn. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Ó dúró ti ibùsùn, ó fi ojú wọn ọmọ tuntun láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Ó tóbi o," ló wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ṣé bí èmi náà ṣe tóbi nìyí nígbà tí ẹ bí mi?"

Bọ́sẹ̀ fọwọ́ kan báàgì ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń tún aṣọ ìnura tí mo ti ká tẹ́lẹ̀ ká.

Sìdí ló dá a lóhùn. "Rárá o. O kéré. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì gbà ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí eléyìí, ìwọ ti mu ọmú mi." Ó nawọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ẹ́. Bọ́ báàgì yẹn sílẹ̀, jókòó, kí n gbé e fún ẹ."

Ìbùkún bọ́ báàgì sílẹ̀. Ó gun àga náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó wá tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì sọ fún wa pé kí a sún sẹ́yìn díẹ̀, kí òun lè rí ojú àbúrò òun.